Òròmọdìẹ Tó Ṣàdédé Dùbúlẹ̀ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Gbé E Mọ́: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É àti Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀

Lánàá ó ń sáré kiri láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lówùúrọ̀ yìí ó ti jókòó sí kọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ síbi oúnjẹ, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kò gbé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á sáré wá áńtíbáyọ́tíìkì, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbogbo agbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù ná. Díẹ̀ ni áńtíbáyọ́tíìkì ń wò nínú àwọn ohun tó ń mú kí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ rọ. Oúnjẹ tí kò pé, ilẹ̀ tó ń yọ̀, fáírọ́ọ̀sì tí kò gbóògùn, oògùn tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ àti ìfarapa ló máa ń fà á jù. Ohun mẹ́ta ló máa tọ́ yín sọ́nà ju orúkọ oògùn èyíkéyìí lọ: ọjọ́ orí ẹyẹ náà, iye àwọn tó ń ṣe, àti bí ẹsẹ̀ náà ṣe rí gan-an tẹ́ ẹ bá gbé e sọ́wọ́ wò.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú agbo

Òròmọdìẹ tí kò lè rìn kì í sábà kú nítorí ẹsẹ̀. Òùngbẹ, ebi, òtútù àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń pa á, ó sì lè má ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Torí náà, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá mọ orúkọ àìsàn náà kẹ́ ẹ tó ṣe èyí.

Ẹ wá páálí tàbí agbọ̀n, kẹ́ ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tàbí ohun mìíràn tí kì í yọ̀ sí i. Ẹ má lo ìwé ìròyìn tàbí ọ̀rá. Òròmọdìẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 1 nílò ooru tó tó 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ máa dín in kù ní nǹkan bíi ìwọ̀n 3 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí tó fi máa dé nǹkan bíi 21. Èyí tó lè rìn máa ń sá fún ooru tó bá pọ̀ jù, àmọ́ èyí tí kò lè rìn kò lè sá, nítorí náà ojú yín ló máa bá a ṣọ́ ọ. Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tó sì la ìyẹ́ sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Tó bá kó ara jọ tó ń ké láìdákẹ́, òtútù ń mú un.

Ẹ máa ti àgógó rẹ̀ bọ omi ní wákàtí kan sí méjì síra, kó fúnra rẹ̀ gbé e mì. Ẹ má rọ omi sí i lọ́fun, torí ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oúnjẹ rẹ̀ àtijọ́ náà ni kẹ́ ẹ fi omi rin díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sí ibi tí àgógó rẹ̀ lè dé láìdìde. Tó bá ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká aṣọ kẹ́ ẹ fi tì í ní ọ̀tún àti òsì kó lè jókòó dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa nu ìdí àti àyà rẹ̀, torí ibẹ̀ máa ń bó kíákíá.

Títí tẹ́ ẹ fi máa mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ kà á sí ohun tó lè ràn. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tára wọn dá, kẹ́ ẹ tó wá fọwọ́ kan èyí tó ń ṣàìsàn, kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ bàtà.

Mélòó ló ń ṣe, ọmọ ọjọ́ mélòó ni wọ́n, kí ló sì yí padà?

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ fura sí ìfarapa, iṣan tó yẹ̀, àbùkù tó bá a wá láti inú ẹyin, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn Marek, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń rọ adìẹ lẹ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló dùbúlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ gbójú kúrò lára ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ lọ wo àpò oúnjẹ àti ọpọ́n omi.

Ọjọ́ orí náà ń sọ̀rọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ tó là sí ẹ̀gbẹ́ ló wọ́pọ̀. Láti nǹkan bí ọjọ́ 10 sí ọ̀sẹ̀ 3, ẹ fura sí àìtó fítámì B2. Àárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 ni àìsàn tó ń mú kí orí gbọ̀n sábà máa ń yọjú. Àìtó fítámì E àti egungun rírọ̀ sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Marek lè yọjú láti ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn dáadáa ló máa ń kọlu èyí tó pọ̀ jù, àgàgà láti ọ̀sẹ̀ 12 sí 24.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè: Ṣé àpò oúnjẹ tuntun la ṣí? Báwo ló ti pẹ́ tó nínú ooru? Ṣé oúnjẹ àwọn adìẹ tó ń yé ẹyin ni wọ́n ń jẹ? Oògùn wo la ti fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?

Ìbéèrè nípa oògùn yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe lè jọ lójú lọ. Monensin, salinomycin àti àwọn oògùn tó jọ wọ́n wà nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ adìẹ láti dènà ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà rárá sí ìwọ̀n tó ń ṣèpalára. Tí wọ́n bá pò ó pọ̀ jù, tàbí tí ẹnì kan bá fi tiamulin, tó jẹ́ áńtíbáyọ́tíìkì, sínú omi nígbà tí oògùn yẹn wà nínú oúnjẹ, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ adìẹ á rọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fi àyà lélẹ̀, wọ́n á na ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí oògùn tó ń pa oró yẹn. Ẹ kó oúnjẹ náà kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ dá tiamulin dúró, ẹ fún wọn ní omi tútù àti oúnjẹ tí kò ní oògùn, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ lára oúnjẹ náà pa mọ́ fún àyẹ̀wò.

Ẹ gbé e sọ́wọ́, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ fi ìka tọ egungun àyà rẹ̀. Tó bá mú bí abẹ, ó ti ń rù tipẹ́, àìsàn náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹ tẹ àpò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ bóyá oúnjẹ wà níbẹ̀. Ẹ wo ihò ìdí: ṣé ìgbẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà, ṣé ìgbẹ́ náà tutù yọ̀ọ̀? Ẹ ṣí ìyẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ wá iná adìẹ àti kòkòrò amùjẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹsẹ̀ méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ kan ẹsẹ̀ kan, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ tọ̀ wọ́n láti ìdí itan dé ìka. Bẹ́ ẹ bá ń fi ọ̀tún wé òsì lẹ máa mọ èyí tó gbóná, tó wú, tó yí, tàbí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ níbi tí egungun ti ṣẹ́. Ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ fún èépá dúdú, ẹ sì wo bóyá òwú tàbí irun ti wé mọ́ ẹsẹ̀. Ohun kékeré ni o, àmọ́ ó lè gé ẹsẹ̀ òròmọdìẹ.

Ẹ rọra fún ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá fà á sẹ́yìn, iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ rọra tẹ àgógó rẹ̀: ó yẹ kó le, tó bá ń tẹ̀ bíi rọ́bà, egungun ló ń rọ̀. Níkẹyìn, ẹ gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ kẹ́ ẹ dákẹ́ díẹ̀. Orí àti ọrùn tó ń gbọ̀n, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Ẹsẹ̀ tó là sí ọ̀tún àti òsì

Ọmọ ọjọ́ mélòó kan lèyí máa ń ṣe. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ló sábà máa ń fà á, tàbí kí ooru àti ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ ìsàba má ṣe déédéé. Ó máa ń dára gan-an tẹ́ ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé báńdéèjì tó ń fà tàbí pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ fi so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ lábẹ́ oríkèé tó tẹ̀ sẹ́yìn lára ẹsẹ̀, kí àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ tó bí òròmọdìẹ ṣe máa ń dúró, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún èyí tó kéré. Kó má fún un. Ẹ máa wò ó lójoojúmọ́ bóyá ìka ń wú, ẹ tú u kẹ́ ẹ tún un dì, ọjọ́ 3 sí 5 sì sábà máa ń tó. Á kọ́kọ́ máa ṣubú. Ẹ kó òkúta kéékèèké sínú ọpọ́n omi kó má bàa kó sí i. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, egungun ti le, ìrètí sì ti dín kù.

Ìka tó ká wọnú

Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù lọ, torí òun ló rọrùn jù láti wò, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ òròmọdìẹ ń kú sí lọ́wọ́ àwọn tí kò dá a mọ̀. Ìka ẹsẹ̀ méjèèjì á ká wọnú bí ìgbà téèyàn di ẹ̀ṣẹ́, òròmọdìẹ náà á máa fi oríkèé rìn, á sì máa fi ìyẹ́ gbá ilẹ̀ kó má bàa ṣubú. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá oúnjẹ, àmọ́ kò dàgbà tó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Fítámì B2, tí wọ́n ń pè ní riboflavin, ni kò tó. Tó bá ti kù díẹ̀ káàtó lára, iṣan ńlá tó gba inú itan kọjá á wú, awọ tó bò ó á sì máa bàjẹ́.

Òròmọdìẹ tó ń dàgbà nílò nǹkan bíi mílígíráàmù 3.6 nínú kílò oúnjẹ kan. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló ń wo èyí tó ti ń ṣàìsàn: máíkírógíráàmù 100 lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra, tí oúnjẹ tó pé á sì tẹ̀ lé e. Èròjà fítámì B tí wọ́n ṣe fún adìẹ, tó ń yòrò nínú omi, ti ju ìyẹn lọ. Ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò nínú oòrùn, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba B2 jẹ́. Èyí tó ń ṣàìsàn kì í mu omi tó. Ẹ máa kán an sí ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀, kó máa lá a díẹ̀díẹ̀. Gbogbo agbo ló jẹ oúnjẹ yẹn, torí náà gbogbo agbo ni kẹ́ ẹ fún.

Tẹ́ ẹ bá tètè dé e, ẹ máa rí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ lè gé páálí kékeré kẹ́ ẹ na ìka sórí rẹ̀, kẹ́ ẹ fi pílásítà dè é, kí ìka má bàa gan síbi tó ká sí. Èyí tó ti wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ lè má padà sípò mọ́. Ẹ má ṣe àṣìṣe o: ìka tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí ẹyẹ náà sì ń rìn dáadáa, kì í ṣe àìsàn yìí, kò sì nílò oògùn.

Iṣan tó yẹ̀ ní oríkèé

Ẹsẹ̀ kan sábà ni. Oríkèé á wú, á fẹ̀, apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ á yí síta. Ẹ fi ìka tọ ẹ̀yìn oríkèé náà: iṣan tó nípọn yẹn yẹ kó wà nínú kòtò tó wà láàárín, àmọ́ ẹ máa bá a ní ẹ̀gbẹ́. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ẹ rọra na ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tì í padà sínú kòtò, kẹ́ ẹ sì dì í fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá tún yẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò ní kẹ́ ẹ máa fi ìyà jẹ ẹ́ títí. Èròjà manganese àti choline tí kò tó nínú oúnjẹ ló sábà máa ń fà á. Bẹ́ ẹ bá tún oúnjẹ ṣe, ẹ máa dáàbò bo àwọn yòókù, àmọ́ ìyẹn kò ní tún èyí tó ti yẹ̀ ṣe.

Egungun rírọ̀

Àgógó tó ń tẹ̀, oríkèé tó wú, ẹyẹ tó ń jókòó ju bó ṣe ń dúró lọ. Kálísíọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí fítámì D3 ni kò tó, tàbí wọn kò bára wọn dọ́gba. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ da kálísíọ̀mù sí oúnjẹ, ìgbà mìíràn sì rèé, kálísíọ̀mù tó pọ̀ jù gan-an ló dá wàhálà náà sílẹ̀. Oúnjẹ òròmọdìẹ máa ń ní nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti adìẹ tó ń yé ẹyin máa ń ní 3.5 sí 4. Tí òròmọdìẹ bá ń jẹ èyí kejì, kálísíọ̀mù á di ọ̀nà mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, á sì ba kíndìnrín jẹ́. Nítorí náà, oúnjẹ tó bá ọjọ́ orí wọn mu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn, kẹ́ ẹ wá fi D3 sínú omi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ rí i dájú pé D3 ni, torí D2 kò ṣe adìẹ láǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn tààrà náà dára, àmọ́ èyí tó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé kì í ṣiṣẹ́ yẹn.

Tí orí tàbí ọrùn bá bá ẹsẹ̀ ṣàìsàn

Níbí, ọpọlọ tàbí iṣan ni wàhálà wà. Àìtó fítámì E máa ń mú kí òròmọdìẹ ṣubú sẹ́yìn, kó máa fẹsẹ̀ ta, kí orí rẹ̀ sì máa yí. Oúnjẹ tí òróró inú rẹ̀ ti bàjẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ẹ pààrọ̀ oúnjẹ náà, kẹ́ ẹ fún wọn ní fítámì E. Tí èròjà tó ń jẹ́ selenium bá wà nínú rẹ̀, ẹ má kọjá ìwọ̀n tí wọ́n kọ, torí májèlé ni tó bá pọ̀. Àwọn kan máa ń yè é, àwọn kan kì í yè é.

Èyí tó ń wojú ọ̀run, tí orí rẹ̀ ti dé ẹ̀yìn, lè nílò fítámì B1, ara rẹ̀ sì lè yá láàárín wákàtí mélòó kan tẹ́ ẹ bá fún un. Ẹ rántí bóyá ẹ ti ń lo amprolium pẹ́ jù. Oògùn yẹn ń pa kòkòrò ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nípa dídínà B1 fún un. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fi fítámì B1 sínú omi kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Gbígbọ̀n orí àti ọrùn nínú ọmọ ọ̀sẹ̀ 1 sí 3 lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì tó gba inú ẹyin ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Kò gbóògùn, àwọn ìyá ni wọ́n máa ń fún ní àjẹsára kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Àmọ́ tí ọrùn bá lọ́, tí wọ́n ń mí pẹ̀lú ìnira, tí ìgbẹ́ wọn tutù tó sì ní àwọ̀ ewé, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú, ẹ fura sí àìsàn Newcastle. Ẹ má tà wọ́n, ẹ má kó wọn lọ síbòmíràn, ẹ pe dókítà ẹran ọ̀sìn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn

Àmì Marek nìyẹn. József Marek ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Hungary lọ́dún 1907. Fáírọ́ọ̀sì ni, inú eruku tó ń bọ́ lára ìyẹ́ ló ń gbé, ó sì lè wà nínú eruku ilé adìẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹyẹ náà á máa rù, ẹyinjú rẹ̀ lè di eérú, ẹsẹ̀ kan á sì rọ ju èkejì lọ.

Kò sí oògùn rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ pé fítámì báyìí tàbí àgbo báyìí wò ó. Òótọ́ ni pé àwọn adìẹ kan máa ń rọ tí wọ́n á sì tún dìde láàárín ọjọ́ kan sí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní ohunkóhun, torí náà dídìde yẹn kò fi hàn pé oògùn kan ṣiṣẹ́. Àjẹsára lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin, tàbí nínú ẹyin ní nǹkan bí ọjọ́ 18, ni ààbò wọn. Ó ń dènà kókó tó ń hù nínú ara àti ẹsẹ̀ rírọ, àmọ́ kì í dènà kí fáírọ́ọ̀sì wọ ara. Ó tún nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó ṣiṣẹ́, ẹ má tètè kó òròmọdìẹ sáàárín àwọn àgbà adìẹ.

Àwọn yòókù

Oríkèé tó gbóná tó wú lè jẹ́ bakitéríà. Ibí ni áńtíbáyọ́tíìkì ti wúlò, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà yàn án, ẹ lò ó tán, kẹ́ ẹ sì pa iye ọjọ́ tí kò yẹ kẹ́ ẹ jẹ ẹran tàbí ẹyin wọn mọ́. Bróílà tí ara rẹ̀ wúwo ju ohun tí egungun rẹ̀ lè gbé lọ nílò ilẹ̀ gbígbẹ tó nípọn àti wákàtí mélòó kan nínú òkùnkùn lálaalẹ́ kó lè sinmi. Tí ẹsẹ̀ bá rọ, tí ìyẹ́ tẹ̀ lé e, tí ọrùn àti ìpéǹpéjú náà wá rọ, ẹ wá òkú ẹran tó ti jẹrà tàbí ìdin tí wọ́n ṣà jẹ, kẹ́ ẹ kó o dànù. Èyí tó kàn káwọ́ sára, tó rẹ̀ ẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan, okun ni kò sí nínú ara rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dúró, àti ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ parí rẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ti fún un ní ìtọ́jú tó bá àmì rẹ̀ mu, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀: ṣé ó jẹun, ṣé ó dìde, ṣé ìka rẹ̀ ń nà. Tó bá ń jẹun tó sì ń sàn díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Tí kò bá jẹun mọ́, tó ń rù, tí egbò sì ti wà láyà rẹ̀, ìyà ló ń jẹ. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe pa á kíákíá láìjẹ́ kó jẹ̀rora.

Tó bá ju ẹyọ kan lọ tó kú, ẹ gbé òkú rẹ̀ lọ síbi àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú fíríìjì, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di yìnyín, torí yìnyín máa ń ba ẹran ara jẹ́ kí wọ́n tó lè wò ó. Wọ́n á fi iṣan ńlá inú itan ọ̀tún wé ti òsì, tí ọ̀kan bá sì wú ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Marek.

Èyí tó bá ti sàn, ẹ má kàn jù ú padà sáàárín wọn. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀n pààlà sáàárín wọn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n máa rí ara wọn. Lẹ́yìn náà ẹ kó òun àti ọ̀kan tàbí méjì tó jẹ́jẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ tó dá a padà lálẹ́ nígbà tí gbogbo wọn ti sùn, kẹ́ ẹ sì gbé oúnjẹ àti omi sí ojú méjì, kí wọ́n má bàa lé e kúrò nídìí ọ̀kan kó má rí òmíràn.